Ihò Eléérú àti ìlà gbọọrọ tí wọ́n yà fún wa

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó má tíì rí àwòrán náà rí. Ẹ̀dá bí ìnàkí kan ló wà lẹ́yìn, ó tẹ̀ba. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nàró díẹ̀ jù ú lọ, irun ara rẹ̀ sì dín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn títí ó fi kan ọkùnrin kan tó nàró ṣánṣán, tó sì jọ òyìnbó. Lára ògiri, lára aṣọ, lórí fóònù, ibi gbogbo ni àwòrán yìí dé. Nígbà tí oníwàásù bá sì ń fi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ní ọ̀bọ ló bí wa, àwòrán yìí gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Inú ìwé kan ló ti wá. Early Man ni orúkọ ìwé náà, F. Clark Howell ló kọ ọ́, Time-Life sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Ayàwòrán Rudolph Zallinger ló ya ẹ̀dá 15 sórí ojú ìwé gígùn kan tí a máa ń ṣẹ́ po. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po, mẹ́fà péré ló ń hàn, ìlà náà á wá gún régé ju bí ó ti wà lọ. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwòrán náà rìn, ìwé yìí sọ ọ́ pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀ka tó gbẹ, tí kò lọ́mọ lẹ́yìn. Ta ló ka ìyẹn? Ojú ti rí ìlà gbọọrọ, ó ti gbà á.

Ní ọdún 1965 kan náà, nínú igbó tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ń hú egungun kan jáde tí kò lè bá ìlà yẹn lọ. Ẹni tó bá ti Arámọkọ gba Ìkógòsì kọjá, tó já sí Ìgbàrà-Odò, tó sì forí lé Ìgbàrà-Òkè, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Lẹ́bàá Ìsarun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àpáta ńlá kan wà tó ṣíji bo ilẹ̀ bí òrùlé. Eérú tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ihò Eléérú. Àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n pè é ní “Iwo Eleru”, orúkọ tí kò mú ìtumọ̀ kankan wá sí ọkàn ọmọ Yorùbá. Ọ̀nà àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àṣìpè yẹn fi wà nínú ìwé káàkiri ayé, kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó padà lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ bí ó ti yẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú àwọn tó wa ilẹ̀ náà. Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti gé, tí ó sì ti ṣá, èyí tí wọ́n kó jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú èyí tí a máa ń kì bọ igi láti fi ṣe ẹnu ọfà tàbí ọ̀bẹ. Ní ìpele òkè ni wọ́n ti rí àpáàdì ìkòkò àti àáké olókùúta dídán. Ẹ̀yin náà mọ irú àáké bẹ́ẹ̀. Òun ni àgbẹ̀ wa máa ń hú nínú oko lẹ́yìn òjò, tí a ń pè ní ẹdùn àrá, tí a sì ń gbé fún àwọn oníṣàngó. Ohun tí àwọn ará ìgbà láéláé fi ṣiṣẹ́ ti wà lójúbọ wa tipẹ́, a kò kàn mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá òkú. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ àti egungun náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀: bí 13,000 ọdún sẹ́yìn. Ọdún yẹn kò pọ̀ rárá nínú ìtàn yìí. Nígbà náà, irú ènìyàn tí à ń jẹ́ lónìí ti tàn dé Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí Caleb Adébáyọ̀ Fọlọ́runṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tún agbárí náà wọ̀n ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé ó gùn, kò ga, iwájú orí rẹ̀ sì rọ̀ sẹ́yìn. Agbárí tó jọ ni àwọn tó ti lo ju 100,000 ọdún lọ ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Bí a bá ní kí Zallinger wá ibi kan fún un lórí ìlà rẹ̀, ibo ni yóò fi í sí? Ọjọ́ orí rẹ̀ ní kí ó wá síwájú, ìrísí rẹ̀ ní kí ó padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà tún dé inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ní ọdún 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman ti Yunifásítì California ní Los Angeles gbé ìwádìí kan jáde lórí DNA àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá Ìbàdàn wà nínú wọn. Wọ́n ní láàárín 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jogún ló ti ọ̀dọ̀ irú ẹ̀dá ènìyàn mìíràn wá, ẹ̀yà tí a kò tíì rí egungun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé tirẹ̀ ni. Kò tọ́ kí a sáré so èyí mọ́ òkú Ihò Eléérú, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí DNA pẹ́ nínú egungun. Síbẹ̀, ohun méjèèjì ń sọ pé ẹ̀ka pọ̀, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Odò tó ń yà tó tún ń padà dàpọ̀ ni ìtàn yìí jọ.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kí èyí tètè yé. A mọ ìyàtọ̀ láàárín bàbá ẹni àti ẹni tí a jọ ní baba ńlá kan náà. Ìnàkí òde òní kò bí wa; òun àti àwa jọ ní baba ńlá kan ni, bí 6 sí 7 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, olúkúlùkù sì ti gba ọ̀nà tirẹ̀ láti ìgbà náà. Èmi kò bá ẹni tó ní Ọbàtálá ló mọ ènìyàn jà. Ìtàn tí mo ń bá fà á ni èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, pé láti Mẹ́kà ni a ti wá, bí ẹni pé ilẹ̀ yìí ṣófo kí a tó dé. Àwọn tó ń dáná lábẹ́ àpáta Ìsarun kì í ṣe Yorùbá, kò tíì sí èdè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣófo.

Ìwé aláwòrán ló yẹ kí ó sọ èyí fún àwọn ọmọ Ìdó-Ilé, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ní èdè wọn. Bí a bá fi 7 mílíọ̀nù ọdún ṣe ọ̀nà 70 kìlómítà, egungun Jebel Irhoud ní Mòrókò, tó ti lo bí 300,000 ọdún, á wà níbi tí ó ku kìlómítà 3 ká dé ilé. Ihò Eléérú á wà níbi tí ó ku mítà 130. Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Ọmọdé tó bá rí èyí nínú àwòrán kò ní gbàgbé.

Ibi tí iṣẹ́ ayàwòrán ti le ni ojú àti àwọ̀. Egungun kì í sọ àwọ̀. Ní Ìlú Ọba, egungun kan wà tí wọ́n ń pè ní Cheddar Man, tó ti lo bí 10,000 ọdún. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń yà á, àfi ìgbà tí DNA rẹ̀ fi hàn ní 2018 pé ó ṣeé ṣe kí ó dúdú. Ti Ihò Eléérú, òkè orí rẹ̀ ló kù jù. Ojú rẹ̀ ti jẹrà. Bí wọ́n bá bi mí, máa ní kí ayàwòrán yà á láti ẹ̀yìn, kí ó jókòó ti iná lábẹ́ àpáta, kí orí gígùn rẹ̀ hàn, kí òkúta wẹ́wẹ́ àti eérú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí igbó sì dúdú níwájú.