Kẹ̀kẹ́ Àfowóyá ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ: Ohun tí Òpópónà Márosẹ̀ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Kò sí wákàtí kan, yálà ní ọ̀sán tàbí ní òru, tí ọkọ̀ kì í kọjá ní Ṣàgámù Interchange. Ibẹ̀ ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tí ó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ìlú Bìní, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó ń lọ sí Abẹ́òkúta ti ń yà. Ọkọ̀ àjàgbé, ọkọ̀ agbépo, bọ́ọ̀sì akérò àti ọ̀kadà ni ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí ojú kì í sábà rí níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀nà yìí tó dé, ẹsẹ̀ méjì kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ Rẹ́mọ fi ń jẹun. Ẹni tí kò sì ní owó láti ra tirẹ̀ a máa fi owó díẹ̀ yá ti ẹlòmíràn.

Kí a tó lè mọ ìdí tí kẹ̀kẹ́ fi rí àyè tó bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Rẹ́mọ kò ní àpáta ràbàtà bí Abẹ́òkúta, kò sì ní òkè gíga bí Ìdànrè. Láti Ìsarà àti Òde Rẹ́mọ wá sí Ìperu, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù, títí dé Ìkòròdú ní etí ọ̀sà, díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi. Ọ̀nà yìí ni àwọn oníṣòwò Ìbàdàn ń gbà wá ra iyọ̀ àti ìbọn láti etí òkun ní àkókò ogun abẹ́lé Yorùbá. Nítorí òwò ojú ọ̀nà yìí ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe lọ dó ti Ìkòròdú, tí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun láti Èkó lọ lé wọn kúrò ní ọdún 1865. Nígbà tí ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ di Ṣàgámù ní ọdún 1872, tí Àkárìgbò sì jẹ́ olórí, ààbò ogun ni wọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí ogun ti ń lọ sílẹ̀, ìlú náà di ìkóríta òwò. Ní ọdún 1894, Rẹ́mọ wọ abẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìrètí wà nígbà náà pé ọkọ̀ ojú irin yóò mú òwò rọrùn. Ó mú un rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún Rẹ́mọ. Ọ̀nà irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, Ṣàgámù kò sì sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Orí ni ẹrù Rẹ́mọ ń gbà dé Ìkòròdú, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e kọjá ọ̀sà lọ sí Èkó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè mú ohun kan wá tí yóò gba ẹrù kúrò lórí ènìyàn, ọ̀rẹ́ ará Rẹ́mọ ni.

Ohun tí ó dé ni kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni John Kemp Starley ti ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ọdún 1885. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú ní ìlú Belfast. Ìgbà tí ohun méjèèjì pàdé ni kẹ̀kẹ́ di ohun tí mẹ̀kúnnù lè gùn ní ojú ọ̀nà erùpẹ̀. Àwọn òyìnbó aláṣẹ àti àwọn míṣọ́nnárì ni ó kọ́kọ́ gùn ún ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn wọn ni ó kan akọ̀wé, olùkọ́, ajíhìnrere, àwọn wolé-wolé tí ń yẹ àyíká wò, àti àwọn tí ń ra kòkó àti obì kiri oko. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní i fi di ẹni iyì ládùúgbò.

Obì ni ó so kẹ̀kẹ́ mọ́ Ṣàgámù jù. Ìlú náà di ọjà obì gbànja pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn oníṣòwò Haúsá sì tẹ̀dó sí Sábó láti máa kó o lọ sí Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n obì kì í hù ní ẹ̀gbẹ́ títì. Inú oko ni ó wà, ní òpin ọ̀nà ẹsẹ̀ tí lọ́rì kò lè wọ̀. Apẹ̀rẹ̀ obì kan tí a dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lè dé ọjà kí oòrùn tó mú, ẹni tí ó wà á yóò sì tún padà lọ gbé òmíràn. Kẹ̀kẹ́ kì í bá lọ́rì jà rárá. Òun ni ó ń kó ẹrù dé ibi tí lọ́rì ti lè gbà á.

Níbi tí ohun kan bá ti ń mówó wọlé ṣùgbọ́n tí ó wọ́n, yíyá kò ní ṣàìsí. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá nìyẹn. Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ ni ó sábà máa ń ní kẹ̀kẹ́ àfowóyá. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà ni ìsọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù, ike omi tí ó fi ń wá ibi tí túùbù ti jò, àti kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àgbàlagbà a máa yá a fún ọjọ́ kan láti lọ kí àna, láti lọ sí oko tàbí láti lọ tufọ̀. Ọmọdé a máa yá kékeré ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú, ìdájí wákàtí tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó ṣẹ́kù nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn. Ẹni tí a mọ ilé bàbá rẹ̀ ni a ń yá ní kẹ̀kẹ́. Àjèjì gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá. Bí táyà bá bẹ́ lọ́nà, ẹni tí ó yá a ni yóò lẹ̀ ẹ́. Òwò kékeré ni, ṣùgbọ́n orí ìmọ̀ra-ẹni ni ó dúró lé.

Ìjọba pàápàá mọ iyì kẹ̀kẹ́, nítorí ó ń gba owó lórí rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń ta ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a ń kàn mọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé agbára yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ṣì ka fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò ní ìwé àṣẹ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá kan ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà, èyíinì ni láti 1970 sí 1979. Owó epo rọ̀bì wọlé. Owó Udoji tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà ní nǹkan bí ọdún 1975 sọ ọ̀pọ̀ tí ń gun kẹ̀kẹ́ di ẹni tí ń gun alùpùpù tàbí tí ń wa mọ́tò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní àkókò ìjọba Gowon. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ sì ṣí i ní oṣù kẹjọ ọdún 1978. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 127.6, ó sì yọ ìrìn àjò kúrò lójú ọ̀nà tóóró àtijọ́ tí ó gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lu àǹfààní rẹ̀. Aláìsàn yá dé ilé ìwòsàn, tòmátì kò rà sójú ọ̀nà mọ́, Rẹ́mọ tí ọkọ̀ ojú irin fò sì wá di ibi tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́wàá yẹn kan náà, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. La Rochelle ni orúkọ rẹ̀, ìlú etí òkun Àtìláńtíìkì tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí oòrùn sì ń ràn níbẹ̀ dáadáa. Olórí ìlú náà, Michel Crépeau, kó kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ òféefèé sí ìgboro kí ẹnikẹ́ni lè gùn ún. Títí di òní, àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ lè yá kẹ̀kẹ́ kí ó fi wo ìlú. Kì í ṣe pé àwọn ará Faransé kò ní mọ́tò. Wọ́n ń ṣe mọ́tò ju àwa lọ. Wọ́n kàn gbà pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní tiwa, ọ̀nà kan náà ni a fi sí ọjà, a sì ní kí ẹni tí kò ní mọ́tò wá ibi gbà.

Ẹni tí ó bá dúró ní Interchange yóò rí ìtumọ̀ èyí. Ọ̀nà náà kò ní ojú kan tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ikú ojú ọ̀nà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà tí ìjọba fi dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, fi jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí Ààrẹ Jonathan bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe òpópónà náà ní ọdún 2013, wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì ní Ṣàgámù: kìlómítà 43.6 láti Èkó fún Julius Berger, kìlómítà 84 lọ sí Ìbàdàn fún RCC. Ariyanjiyan owó àti ìdádúró iṣẹ́ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Kẹ̀kẹ́ kò sì rí àyè níbẹ̀.

Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú kò dúró. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, owó táyà àti ṣéènì tí ń ti òkè òkun wá sì ga. Ọ̀kadà gba iṣẹ́ akérò. Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ti fi ń gbé èrò kí alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan tó rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, ọ̀kadà sì ń mu ún.

Ìyàtọ̀ yìí kò jọ nǹkan kan fún wa títí di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo tí owó lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó ọ̀kadà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ fún ìrìn tí kò ju kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Ìlíṣàn níbi tí yunifásítì Babcock wà. Ṣàgámù ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ. Ìrìn kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìrìn wọ̀nyí, bí ọ̀nà bá gbà á láyè.

Kò sí ẹni tí yóò ní kí a gbé kẹ̀kẹ́ sójú òpópónà márosẹ̀. Àárín ìlú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé òfin tí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí kẹ̀kẹ́ ni ó tún fún un ní títì àdúgbò láti là àti láti tún ṣe. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ ní òfin lọ́wọ́, ilẹ̀ wọn sì tẹ́jú tó. Ojú ọ̀nà tóóró kan tí mọ́tò kò gbọ́dọ̀ wọ̀, láti ibùdó ọkọ̀ dé ọjà àti ilé ẹ̀kọ́, kò tó iṣẹ́ tí à ń kọ lẹ́tà sí Àbújá lé lórí. Bí ọ̀nà bá wà, alátùn-únṣe kan yóò tún to kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí ẹni tí yóò yá a kò tíì tán nílùú.