Ẹ̀rọ Kì í Làágùn

Ẹni tí ó bá mọ Allen Avenue ní Ìkẹjà láàárín ọdún 1990 sí 2000 kò ní gbàgbé ariwo jẹnẹrétọ̀. Òpópónà Otigba, tí ó di ọjà kọ̀ǹpútà, kò jìnnà síbẹ̀. Ní àdúgbò yìí ni mo gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi lọ fún àtúnṣe ní ọdún 2001. Àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi wà nínú rẹ̀, kì í sì í lo ogún ìṣẹ́jú kí ó tó kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tú u wò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó tà á fún yín ti fi ipá mú ọpọlọ rẹ̀ sáré ju bí wọ́n ti ṣe é lọ."

Àṣà yìí kò ṣàjèjì nígbà náà. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel gbé Celeron 300A jáde, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 300 megahertz. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí i pé bí a bá yí ìwọ̀n tí ó fi ń bá ìyókù ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láti 66 sí 100, yóò máa sáré ní 450. Owó kékeré ra iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí eré ti ń pọ̀ ni ooru ń pọ̀. Bí a bá sì fi fólítéèjì kún un kí ó má baà kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò burú sí i: fólítéèjì ìlọ́po méjì, ooru ìlọ́po mẹ́rin. Ènìyàn tí ó sáré yóò làágùn; ẹ̀rọ kì í làágùn, abẹ̀bẹ̀ ni òógùn rẹ̀. Ní Ìkẹjà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni abẹ̀bẹ̀ ọ̀hún ń fẹ́, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó gbé kọ̀ǹpútà kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù.

Ooru yìí kan náà ni ó dá àwọn tí ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ dúró. Pentium àkọ́kọ́ ti ọdún 1993, oní-60 megahertz, ń jẹ iná bíi wáàtì 15. Ní ọdún 2004, Pentium 4 oní-3.8 gigahertz dé 115. Ó ju gílóòbù oníwáàtì 100 lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Intel pa oní-4 gigahertz tí wọ́n ti ṣèlérí tì. Ní ọdún 2005, wọ́n fi ọpọlọ méjì sínú ẹyọ kan kí wọ́n jọ máa pín iṣẹ́ ṣe. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àwọn baba wa ti mọ èyí kí ẹ̀rọ tó dé. Wọn kì í gbàdúrà pé kí ilé gbóná. Wọ́n ní kí ilé tutù, kí orí tutù. Ní ti kọ̀ǹpútà mi, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá a padà sí ìyára àbínibí rẹ̀, ó sì gba owó abẹ̀bẹ̀ kan. Ó ń falẹ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tutù títí mo fi parí àpilẹ̀kọ náà.