Ìbọn Tí Kò Dé Orí Àtẹ

Ìdájí

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ìbọn tí wọ́n máa torí rẹ̀ halẹ̀ ikú mọ́ ọlọ́jà kò tíì sí lórí àtẹ. Ṣọ́ọ̀bù tọ́rọ̀ kàn ń jẹ́ Engage Armament. Rockville ló wà, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Maryland tí èèyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ dé Washington. Ohun tó ti jáde ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Andy Raymond, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ti sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé òun fẹ́ máa ta iP1, ìbọn ìléwọ́ kan tí kì í yìn àfi tí aago ọwọ́ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn bá wà nítòsí. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà náà tó gbà ní gbangba pé òun ń tà á. Ìròyìn ti ṣáájú ọjà dé ọjà, ẹni tó bá sì mọ ìwà àwọn tó fẹ́ràn ìbọn nílẹ̀ yẹn mọ̀ pé ọjọ́ náà ò ní tutù.

Òwúrọ̀

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lù ní Rockville, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù lẹ́bàá Munich ní Jámánì, níbi tí ilé iṣẹ́ Armatix tó ṣe ìbọn náà wà. Ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ni níbẹ̀, bó ṣe rí ní Nàìjíríà náà. Àwọn tó ṣe ìbọn wà lọ́lidé. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ń ka ìròyìn.

Ìbọn kékeré ni. Ọta .22 ló ń lò, ọta tín-ín-rín tí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn lu agolo òfìfo, mẹ́wàá ni àpò rẹ̀ sì ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí sórí aago ọwọ́. Aago náà á máa fi rédíò bá ìbọn sọ̀rọ̀. Bí àárín wọn kò bá ju ínṣì mẹ́wàá lọ, iná aláwọ̀ ewé á tàn lẹ́yìn ìbọn, ó ti ṣe é yìn nìyẹn. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná pupa ni, irin lásán ló sì dì mọ́wọ́. Ìbọn pẹ̀lú aago rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 1,800 dọ́là lọ́dún náà, nígbà tí owó tí kò pé ìdajì èyí lè ra Glock gidi.

Ernst Mauch ló wà nídìí rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pé kò mọ ìbọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe ìbọn ogun ní Heckler & Koch kó tó wá sí Armatix. Àsìkò náà sì dà bí ẹni pé ó bá a mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, wọ́n ti yìnbọn pa ọmọdé ogún àti àgbàlagbà mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ Sandy Hook. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, àwọn olówó kan ní California, tí Ron Conway wà lára wọn, gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè mú ìbọn tó mọ olówó rẹ̀ jáde. Kódà James Bond ti lo irú rẹ̀ nínú fíìmù Skyfall.

Ìyálẹ̀ta

Bí àwọn tó fẹ́ràn ìbọn bá rí ìbọn tuntun, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń là sí i. Wọ́n a wo bí èèkù rẹ̀ ṣe tẹ̀, bí a ṣe ń fà á, iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n a sì bú u láìtíì fọwọ́ kàn án. Ti iP1 kò yàtọ̀. Wọ́n ní ọta .22 kéré jù fún ẹni tí olè bá ká mọ́lé. Wọ́n ní bátìrì lè kú lóru. Ọwọ́ wo ni aago wà? Bó bá jẹ́ ọ̀tún ni mo wọ̀ ọ́ sí, tí ọgbẹ́ bá dé bá ọ̀tún, ṣé òsì mi á kàn máa wòran?

Mi ò rí ìbéèrè kankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti aṣiwèrè. Ní ọdún 2017, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ fi òòfà tí kò ju dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ṣí iP1 láìní aago kankan, ó sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bátìrì.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára rifọ́fà, ìbọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn jù torí pé kò gbọ́n rárá: ọta wà nínú àgbá tó ń yí, ìka kan fà á, ó tán. Ní ọdún 1887, Smith & Wesson gbé rifọ́fà .38 kan jáde tí kò ní yìn àfi bí àtẹ́lẹwọ́ bá fún èèkù rẹ̀ mọ́ra. Èyí tó ń lo ọta .32 tẹ̀lé e ní ọdún 1888. Kí ọwọ́ ọmọdé má baà lè yìn ín wà lára ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní afúnlẹ́mọ́ọ̀nù, wọ́n rà á, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún kí ilé iṣẹ́ náà tó dá a dúró. Ìbọn tó ń kọ̀ fún ọwọ́ ọmọdé kò bí ẹnikẹ́ni nínú nígbà náà, torí kò sí òfin tó so mọ́ ọn.

Ọ̀sán

Òfin wá so mọ́ ti iP1. Ní ọdún 2002, Gómìnà Jim McGreevey ti New Jersey fọwọ́ sí òfin kan tó ní ọjọ́ tí ìbọn tó mọ olówó rẹ̀ bá ti bọ́ sọ́jà níbikíbi ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ka ọdún mẹ́ta. Bí ọdún mẹ́ta náà bá pé, kò sí ìbọn ìléwọ́ mìíràn tí ṣọ́ọ̀bù kankan ní New Jersey tún gbọ́dọ̀ tà. Òfin náà yọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ìyẹn sì ni àwọn tó fẹ́ràn ìbọn máa ń kọ́kọ́ nàka sí: bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọlọ́pàá ò fi fẹ́ ẹ?

Ẹ wo irú òfin yìí dáadáa. Ẹnì kan ní Maryland ta ìbọn kan fún oníbàárà kan, ẹlòmíràn ní Newark sì pàdánù ẹ̀tọ́ láti ra rifọ́fà. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé àwọn ń ti ọ̀rọ̀ ìbọn tó mọ olówó rẹ̀ síwájú ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ẹni àkọ́kọ́ tó bá tà á di ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ń ra ìbọn. Lójú tèmi, ọwọ́ òfin náà wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà bíi ti àwọn tó ń pe fóònù.

Fóònù náà sì ń dún ní Rockville. Ìpè ń wọlé, lẹ́tà orí ẹ̀rọ ń wọlé, èébú ń wọlé lórí Facebook. Àwọn kan ṣàlàyé òfin New Jersey fún Raymond. Àwọn kan ní àwọn ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn kan kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ikú ni wọ́n ṣèlérí. Ẹnì kan tún ní wọ́n máa dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìrọ̀lẹ́

Ẹni tó bá ń ta ìbọn ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé oníbàárà lè pa ọjà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, Smith & Wesson bá ìjọba Ààrẹ Clinton ṣe àdéhùn lórí ààbò ìbọn, títí kan ìlérí láti ṣiṣẹ́ lórí ìbọn tó mọ olówó rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn kẹ̀yìn sí i. Ilé iṣẹ́ tí Tomkins, iléeṣẹ́ kan ní Britain, ra ní mílíọ̀nù 112.5 dọ́là ní ọdún 1987, mílíọ̀nù 15 ni wọ́n tà á ní ọdún 2001. Saf-T-Hammer, tó rà á, fi kọ́kọ́rọ́ sínú rifọ́fà rẹ̀, ó sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì fún un. Títí di òní, àwọn kan á rí rifọ́fà tó rẹwà, wọ́n á wo ihò yẹn, wọ́n á sì gbé e padà fún ọlọ́jà. Ihò Hillary ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìyàwó Clinton.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ jù kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ìròyìn jáde pé iP1 ti wà ní Oak Tree Gun Club ní California. Ìbínú dé, ilé ìyìnbọn náà sì ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n tú nọ́ńbà fóònù obìnrin tó ń darí ẹ̀ka Armatix ní Amẹ́ríkà sí gbangba. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí Raymond tó la ẹnu.

Kí ló dé tó wá là á? Àlàyé rẹ̀ rọrùn, òun ló sì jẹ́ kí n rò pé kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní àwọn tó ń bẹ̀rù ìbọn lè gba èyí, kí wọ́n sì di ẹni tó ní ìbọn. Ó ní bí a bá ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fòfin de ìbọn, báwo la ṣe máa wá dènà ìbọn kan fúnra wa? Ẹgbẹ́ NRA, tó ń jà fún àwọn tó ní ìbọn ní Amẹ́ríkà, ní tiwọn máa ń sọ pé àwọn ò bá ẹ̀rọ náà jà, pé kí ìjọba má fipá mú ẹnikẹ́ni rà á ni. Àwọn tó ń pe Rockville ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kò dúró gbọ́ ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alẹ́

Lálẹ́, Raymond jókòó níwájú kámẹ́rà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn gígùn wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ìgò wisikí wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun ò ní ta iP1 mọ́. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará New Jersey. Inú rẹ̀ ń ru sí àwọn tó halẹ̀ ikú mọ́ ọn, kò sì fi pa mọ́. Wọ́n gbé fídíò náà sórí Facebook ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó sì yá wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ọjà tí wọ́n kéde kò lo wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Òru, títí di Ọjọ́ Ẹtì

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Sẹ́nétọ̀ Loretta Weinberg, ọ̀kan nínú àwọn tó ti òfin New Jersey lẹ́yìn, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní bí NRA bá lè jáwọ́ nínú dídènà ìbọn tó mọ olówó rẹ̀, òun á ní kí wọ́n tún òfin náà ṣe. NRA kò gbà. Ó di oṣù Keje ọdún 2019 kí Gómìnà Phil Murphy tó fọwọ́ sí àtúnṣe tó ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ṣáà ní ìbọn bẹ́ẹ̀ kan lórí àtẹ, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù Kọkànlá ọdún 2014 gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ. Agbẹjọ́rò àgbà New Jersey yẹ iP1 wò, ó sì kọ̀wé pé kì í ṣe irú ìbọn tí òfin ọdún 2002 ń sọ rárá. Òfin ní kí ó jẹ́ ẹni tó ni ìbọn nìkan ló lè yìn ín. Bí aago bá ti wà láàárín ínṣì mẹ́wàá sí iP1, ẹnikẹ́ni tó bá gbá a mú lè yìn ín. Raymond ì bá ta ẹgbẹ̀rún kan, ọdún mẹ́ta New Jersey kò ní bẹ̀rẹ̀.