Òtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó àti Ọ̀rọ̀ Ivor Cummings

Ìtàn Òtẹ́ẹ̀lì Bristol, tó wà ní òpópónà Martins ní Erékùṣù Èkó, fọ́n ká sínú ìwé oríṣi méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ̀wé lórí ìjà òmìnira Nàìjíríà sọ pé ní 1947, wọ́n lé aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, Èkó sì gbaná jẹ. Àwọn tó ń kọ ìtàn àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù sọ púpọ̀ nípa Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ àgbà ní Colonial Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa ń fi kọjá lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí l'Ékòó. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ará Àtìkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń lọ ra aṣọ ní ọjà Balógun ti gba àdúgbò yẹn kọjá láìmọye ìgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ èyí fún un rí.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ibi tí Cummings ti wá, nítorí ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan pè é ní ará Karíbéánì. Kò rí bẹ́ẹ̀. West Hartlepool, ní ìhà àríwá England, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1913. Ará Sàró (Sierra Leone) ni bàbá rẹ̀, Dókítà Ishmael Cummings. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, Johanna Archer, nọ́ọ̀sì sì ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ló dàgbà sí, lẹ́bàá Croydon, níbi tí ìdílé Samuel Coleridge-Taylor, gbajúmọ̀ olórin tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ dókítà láti Freetown, ti fà á mọ́ra. Ó wu òun náà kó di dókítà, owó ni kò sí. Ó lọ ṣe akọ̀wé fún iléeṣẹ́ UAC ní Freetown, ó sì padà sí England.

Ọ̀rọ̀ Aggrey House ni àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó máa ń fojú rénà, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì fún àwa. Ní 1934 ni wọ́n ṣí ilé yìí ní Doughty Street, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti Áfíríkà àti Karíbéánì. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925, fàáké kọ́rí. Ó tẹ ìwé jáde pé pańpẹ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ilé náà dẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń rò. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni Cummings di alábòójútó Aggrey House. Nítorí èyí, àwọn kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ìgbà náà kà á sí èèyàn ìjọba, wọn ò sì jẹ̀bi tán, nítorí ní 1941 ó wọ Colonial Office gan-an, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di òṣìṣẹ́ àgbà níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀sùn Ṣólańkẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nípa ilé, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nípa alábòójútó: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá gbà lọ́wọ́ onílé òyìnbó mọ ẹni tó ń bá wọn sáré kiri.

Pé ọkùnrin ni Cummings ń fẹ́ kì í ṣe àríyànjiyàn mọ́. Stephen Bourne, tó ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Britain, fi í sínú ìtàn yìí láìfi bò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń múra bí ọmọ ọba, sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ń rìn ni Ken Johnson wà, tí wọ́n ń pè ní Snakehips, olórí ẹgbẹ́ akọrin kan, òun náà fẹ́ràn ọkùnrin. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ló pa Johnson lórí ìtàgé ní ilé ijó Café de Paris ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 1941. Òfin England lòdì sí gbogbo èyí nígbà náà. Ní 1967 ni wọ́n tó sọ pé ọkùnrin méjì tó ti dàgbà lè bá ara wọn lò pọ̀ ní kọ̀rọ̀ láìjẹ pé wọ́n ṣẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí Cummings ṣe fún ìjọba, abẹ́ òfin tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ló ti ṣe é.

Ìbẹ̀rẹ̀ 1947 ni ọ̀rọ̀ wa dé Èkó. Ìlú ti ń gbóná kó tó dé. Ní 1945 ni Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọjọ́. Àwọn ọmọ ogun tó lọ bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní Burma ti padà wálé, wọ́n sì ti rí i pé ìbọn ń pa òyìnbó bí ó ṣe ń pa dúdú. Ìwé òfin ìlú tí Gómìnà Arthur Richards gbé kalẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ onílé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún yẹn gan-an, ẹgbẹ́ NCNC ti Nnamdi Azikiwe sì ti kiri gbogbo ilẹ̀ yìí láti kọ̀ ọ́. Iná kan ṣoṣo ló kù.

Nínú oṣù Kejì, iṣẹ́ Colonial Office gbé Cummings wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol. Gíríìkì ló ni òtẹ́ẹ̀lì náà. Orúkọ Cummings kò fi àwọ̀ rẹ̀ hàn. Ìgbà tó dé ni wọ́n tó rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bá kọ yàrá náà fún un. Níbí ni àwọn ìtàn ti yapa. Àwọn kan sọ ọ́ bí ẹni pé àlejò tó kàn yà wọlé ni. Èyí tí mo gbà ni pé ètò ìjọba ló gbé e débẹ̀, nítorí òun nìkan ló ṣàlàyé ohun tó tẹ̀ lé e: ìtìjú náà kò mọ sórí Cummings, ó kan ìjọba tó rán an. Bí òṣìṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì bá lè gba irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ nítorí àwọ̀, kí ni ti alágbàṣe ní Ìdúmọ̀tà?

Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Azikiwe gbé e jáde. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í bá ara wọn jẹun, NCNC àti Nigerian Youth Movement, fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ìpàdé gbogboogbò wáyé, ìwọ́de wáyé. Nínú oṣù Kẹta, Richards fi ìwé àṣẹ ráńṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́ ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ọsibítù tí wọ́n ń pè ní ti òyìnbó l'Ékòó gbọ́dọ̀ gba aláìsàn láìwo àwọ̀. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ àti lẹ́tà kò ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, yàrá kan ṣe é láàárín oṣù kan.

Àwọn kan ti fẹ́ máa pe Bristol ní ibi ìpàdé àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Àsọdùn ni. Àwọ̀ Cummings ni wọ́n fi lé e, kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́. Àyè tí òtẹ́ẹ̀lì náà ní nínú ìtàn yìí kò ju pé ẹni tí Èkó tìtorí rẹ̀ tú síta ní 1947 jẹ́ irú ẹni tí òfin wa máa ń mú. Ìyẹn náà sì tó.

Nípa òfin ọ̀hún, ariwo pé àṣà ìbílẹ̀ ló bí i kò yẹ kó gba àkókò wa. Samuel Griffith ló kọ ìwé òfin ọ̀daràn fún Queensland ní Australia, èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ láti 1901; Lugard, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, mú àwòṣe rẹ̀ wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, ó sì di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ akọ sí akọ ti wá.

Cummings padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹfà 1948, òun ni Colonial Office rán lọ pàdé ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush, tó kó àwọn ará Karíbéánì wá sí England, ní èbúté Tilbury, òun ló sì wá ibùgbé fún àwọn tí kò níbi tí wọn yóò sùn, nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí Clapham nítorí bọ́ǹbù. Wọ́n fi oyè OBE dá a lọ́lá lọ́dún yẹn. Ó bá ìjọba Nkrumah ti Ghana ṣiṣẹ́, ó tún bá iléeṣẹ́ dáyámọ́ǹdì Sàró ṣe. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1992.

Ní ti Bristol, òtẹ́ẹ̀lì mìíràn l'Ékòó, Federal Palace, gba iyì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn 1960.

Lóde òní, òtẹ́ẹ̀lì tó ń wọ ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin kì í ṣe ti Erékùṣù. Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ léèwọ̀ ní oṣù Kíní 2014. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó, àmọ́ ìjọba kò tẹpẹlẹ mọ́ ẹjọ́ náà, adájọ́ sì dà á nù ní oṣù Kẹwàá 2020. Òfin ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tí òbí tàbí òbí rẹ̀ àgbà bá ṣiṣẹ́ ní Bristol, tàbí tó ní West African Pilot ti oṣù Kejì àti oṣù Kẹta 1947 nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dáná. Ẹ gbé e lọ sí ibi àkójọ ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn.