Ọ́kíìdì Rothschild ti Òkè Kinabalu

Ọ́kíìdì Rothschild (Paphiopedilum rothschildianum) jẹ́ òdòdó tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ láyé ni igbó òkè Kinabalu àti àyíká rẹ̀, ní erékùṣù Borneo, lórílẹ̀-èdè Màléṣíà. Gíga òkè náà tó mítà 4,095, oríṣi ọ́kíìdì tó wà níbẹ̀ sì lé ní 700. Apá ìsàlẹ̀ òkè ni ti Rothschild wà, láàárín nǹkan bí mítà 500 sí 1,200, níbi tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lórí ilẹ̀ olókùúta tí ọ̀pọ̀ irúgbìn kò lè fara dà.

Ewé òdòdó rẹ̀ méjì nà sọ́tùn-ún sósì bí apá, wọ́n sì lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti ṣóńṣó kan dé ìkejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí imú bàtà. Ọgbọ́n tó ń dá láti so èso ló yani lẹ́nu jù. Àárín rẹ̀ ní àwọn àmì tóótòòtó tó jọ kòkòrò tíńtín tó ń fa oje ewéko mu. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sáàárín irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè rí wọn jẹ. Bó bá bà lé òdòdó náà, yóò já sínú bàtà. Ojú ihò tóóró tí yóò gbà jáde ni àtọ̀ òdòdó ti máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí yóò gbé e dé ara òdòdó mìíràn. Ẹyin tó yé síbẹ̀ ṣòfò.

Ọdún 1888 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un lórúkọ, lásìkò tí àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù ń náwó bí ẹlẹ́dà lórí ọ́kíìdì. Sander, oníṣòwò òdòdó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kó o wọlé, sọ pé New Guinea ni wọ́n ti rí i. Irọ́ ni, ó fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ṣìnà ni. Ó di ọdún 1959 kí wọ́n tó tún rí i, ní Kinabalu.

Rírí tí wọ́n rí i ló wá di ewu fún un. Àwọn olè òdòdó wọ igbó, wọ́n ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Iná àti igi gígé sì ba apá kan ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n bá hú kì í tètè ní arọ́pò. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, kò ní oúnjẹ nínú, àfi bó bá bá irú olú kan pàdé nínú ilẹ̀ ló tó lè hù, ó sì lè tó ọdún 15 kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́.

Ọdún 1964 ni wọ́n sọ Kinabalu di igbó àbò. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2000. Àdéhùn CITES sì fòfin de kíkó irú ọ́kíìdì yìí láti inú igbó lọ tà sílẹ̀ òkèèrè. Lóde òní, wọ́n ti ń mú un hù láti inú irúgbìn ní ilé ìwádìí, nítorí náà kò sí àwáwí kankan fún ẹni tó bá tún lọ hú ti igbó. Síbẹ̀, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ṣì kà á mọ́ àwọn tó wà ní bèbè ìparun, àwọn onímọ̀ kì í sì í tẹ ibi pàtó tí ìyókù wà jáde.