MariaDB àti MySQL: kí ni ká pe ohun tó yà lára òmíràn?



Kí ọdún 1999 tó dé, abẹ́ Ouémé ni Adja-Ouèrè wà. Òfin oṣù kìíní ọdún náà sọ ẹkùn 6 tí Benin ní di 12, a sì bọ́ sábẹ́ Plateau pẹ̀lú Kétu, Pobè, Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìfànyìn. Ta ló máa sọ pé Plateau jí ilẹ̀ Ouémé, tàbí pé Ouémé ti kú? Wọ́n pínyà ni. Ìtàn tó ṣáájú 1999 jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Irú rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ní 1995, Michael Widenius ará Finland àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dá ilé-iṣẹ́ MySQL sílẹ̀ ní Sweden. Àká ìsọfúnni ni MySQL: òun ló ń tọ́jú orúkọ, owó àti ọ̀rọ̀ tí ìkànnì ń lò. My ni orúkọ ọmọbìnrin Widenius. Ní 2008, Sun rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 dọ́là. Ní 2009, Oracle, tó ti ń ta àká ìsọfúnni tirẹ̀, kéde pé òun máa ra Sun. Ẹ̀rù ba Widenius pé wọ́n lè pa iṣẹ́ náà tì. Ṣùgbọ́n àṣẹ GPL tó wà lórí kóòdù náà gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú un, tún un ṣe, kó sì pín in lábẹ́ àṣẹ kan náà. Ó mú un, ó sì sọ ọ́ ní MariaDB. Maria ni àbúrò My. Orúkọ MySQL ni kò lè mú, ó ti tà á. Ní 2013, Wikipedia kó lọ sórí MariaDB.

Ẹni tó bá pè é ní ayédèrú ṣì í pè. Ẹni tó bá pè é ní MySQL tuntun náà ṣì í pè, nítorí MySQL ṣì wà lọ́wọ́ Oracle. Ẹ sọ orísun rẹ̀, ọdún tó yà, ìdí tó fi yà, ohun tí wọ́n jọ ní, àti ohun tó ti yàtọ̀. Ó parí.

Bí wọ́n bá wá bi ọmọ yín pé ṣé Yorùbá tòótọ́ ni Nàgó wa, kó dáhùn bẹ́ẹ̀: orísun kan ni, bodè tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ló là wá. A kì í ṣe ayédèrú ẹnikẹ́ni.

Kí ni ẹ̀yin máa ń dáhùn?