Ọṣẹ Láti Inú Ohun Ìdànù

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n gbé ń yan gàárì ní Akínmọ̀ọ́rìn tàbí Fìdítì, ẹ ó rí omi tí ń ro sílẹ̀ lára àpò ẹ̀gẹ́ tí a rin. Omi náà ní oró nínú. Ó ń pa koríko, ó sì ń ba odò jẹ́. Ìdànù ni gbogbo wa kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Àwọn ìyá wa kò fi ìdọ̀tí ṣòfò. Eérú igi, eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ti èèpo kòkó nígbà tí kòkó dé, ni wọ́n ń rọ omi sí, tí wọ́n ń sẹ́. Omi eérú yìí ni wọ́n fi ń se àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ní 1923 ni Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ọṣẹ òyìnbó sì gbilẹ̀ lọ́jà. Síbẹ̀, ọṣẹ dúdú kò parun.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ohun tín-ín-tín kan tí ojú kò lè rí, Bacillus subtilis, wà lára àwọn tí ń sọ kóró igbá tí a sè di irú. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan kéde pé ó ń pèsè ohun kan tí ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ: apá kan rẹ̀ fẹ́ omi, apá kejì fẹ́ epo. Wọ́n pè é ní surfactin. Ní 2006, Nitschke àti Pastore ní ilẹ̀ Brazil tẹ ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde: omi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi bọ́ ọ. Ó jẹ ṣúgà tí ó ṣẹ́kù nínú omi náà, surfactin sì jáde.

Kí ni kò jẹ́ kí ó kún ọjà? Ìfófòó rẹ̀ a máa kún àgbá ní àkúnya, yíyọ ọ́ kúrò nínú omi sì ń gbówó lórí. Iṣẹ́ nìyẹn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ń kórè ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà. Bí a bá káwọ́ gbera, àwọn ẹlòmíràn ni yóò ṣe é tà fún wa. Ẹni tí ó ní àdín, tí ó ní eérú, kò yẹ kí ó máa tọrọ ọṣẹ.